Wákàtí mẹ́ta nínú òjò Ìlọrin: òfì lẹ máa rà ni, àbí ìkòkò?

Ìlọrin kò ní òkun, kò ní ọ̀sà. Ọkọ̀ ojú omi afẹ́ tó ń kó èrò láti èbúté dé èbúté kò lè gúnlẹ̀ sí odò Àsà láéláé. Gáréèjì la ní, a sì ní pápákọ̀ òfuurufú. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bá èrò ọkọ̀ òkun fínra ló ń bá ẹni tó ya Ìlọrin fínra: wákàtí díẹ̀ péré, òjò tó ti ṣú, àti àwọn ará ilé tó máa dúró sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n á wo ọwọ́ ẹni kí wọ́n tó wo ojú ẹni.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń mú irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ kiri ìlú. Ẹni tó wá síbi ìgbéyàwó, tí ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ń lọ Àbújá, tí mọ́tò rẹ̀ yọnu nítòsí Gẹrí Àlímì, tí mẹkáníìkì sọ pé ó di aago mẹ́rin. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: "Kí ni mo lè rà tó jẹ́ ti Ìlọrin gan-an?" Tẹ́lẹ̀, òfì ni mo máa ń dárúkọ láìronú. Ní báyìí, ojú ọ̀run ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, òjò ló ń bá èèyàn yan ọjà nílùú yìí.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ gígùn pa yín: bí òjò bá ń rọ̀ lọ́wọ́, tí ẹ ò sì ní ju wákàtí mẹ́ta lọ, òfì ni kẹ́ ẹ wá lọ. Bí oòrùn bá ti ràn fún bí ọjọ́ mélòó kan, ìkòkò ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ wò. Ìdí rẹ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan méjèèjì.

Ojú tí amọ̀ ń rí lọ́wọ́ òjò

Òkèlele ni ẹbu ìkòkò Dada wà, nínú ìgboro àtijọ́. Àwọn obìnrin ló ni iṣẹ́ náà, ìyá ló ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Kò sí ẹ̀rọ ayípo kankan níbẹ̀. Ìyá amọ̀kòkò á da ìkòkò àtijọ́ kan délẹ̀, á tẹ́ amọ̀ tí wọ́n ti gún dáadáa lé ìdí rẹ̀, á máa fi ọwọ́ pa á títí yóò fi mú ìrísí. Bó bá le díẹ̀, á bọ́ ọ kúrò, á dá a padà, á wá máa lọ́ amọ̀ bí okùn, á fi mọ ọrùn àti ẹnu lé e lórí. Ibi ẹnu yìí ni kì í sú mi í wò. Á há àkísà tútù sáàárín ìka, á bẹ̀rẹ̀, á máa fi ẹ̀yìn rìn yí ìkòkò náà ká títí ẹnu rẹ̀ á fi dán. Ìkòkò ló dúró, èèyàn ló ń yí. Lẹ́yìn náà ló máa yí ṣùkù àgbàdo gbígbẹ lára rẹ̀, tí ojú wínníwínní á hàn bí ẹni kọlà fọ́mọ.

Òjò ò dí èyíkéyìí nínú èyí lọ́wọ́. Gbígbẹ àti sísun ló ń dí. Ìkòkò gbọ́dọ̀ gbẹ dénú kó tó rí iná. Omi tó bá ṣẹ́kù nínú amọ̀ á hó nígbà tí ooru bá bá a, ìkòkò á sì bẹ́. Ìta gbangba ni wọ́n sì ti ń sun ún. Wọ́n á to ìkòkò jọ gègèrè, wọ́n á kó igi àti koríko bò ó, wọ́n á ṣáná sí i. Òjò kan ṣoṣo tó bá já lu irú iná bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ti wọmi nìyẹn.

Nítorí náà, ìkòkò tí ẹ bá rí lóṣù kẹsàn-án, méjì ni. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ti sun nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tó ṣì wà nílẹ̀, ó dára. Èkejì ni èyí tí wọ́n já gbà láàárín òjò méjì, ó sinmi lórí orí ẹni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kánjú ni wọ́n sì máa ń ta èkejì fún, kì í ṣe torí ìwà burúkú, ohun tó wà nílẹ̀ lẹ bèèrè.

Bí mo ṣe ń dá wọn mọ̀ nìyí. Ẹ gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́ kan, ẹ fi eegun ìka ọwọ́ kejì kàn án. Èyí tó jiná á dún gooro. Èyí tí kò jiná á dún bọ̀ọ̀, bí ẹni kan páálí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí òjò náà wúlò fún yín: ẹ tọrọ àyè, kẹ́ ẹ gbé e sábẹ́ ọ̀ọ̀rọ̀ òrùlé kí omi kún un, kẹ́ ẹ dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí gbogbo ara rẹ̀ bá ń làágùn díẹ̀díẹ̀, kò sí ẹ̀bi, bí amọ̀ ṣe ń mí nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ló ń sun omi, tó gùn bí irun orí, ó ti là, ẹ dá a padà.

Èwo gan-an lẹ fẹ́ rà níbẹ̀? Àmù tóbi jù fún ẹni tó ń rìnrìn àjò, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ní mọ́tò tirẹ̀. (Ẹni tó bá tiẹ̀ rà á lásìkò òjò, kó má bínú sí i bí omi rẹ̀ kò bá tutù tó bí wọ́n ṣe ń ròyìn. Omi tó ń rìn jáde lára àmù tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń gbé lọ ló ń mú kí ti inú tutù. Bí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ bá ti mu omi yó, kò sáyè mọ́.) Ìṣaásùn dára fún ẹni tó mọ adùn ọbẹ̀ inú amọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún un: kó má gbé e ka iná lọ́jọ́ tó délé. Kó jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kó fi ẹ̀kọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ se é lórí iná jẹ́jẹ́ kó tó da ata sí i. Èmi ní tèmi, kólò ni mo ń rà jù. Ó gba àtẹ́lẹwọ́, ojú kan ṣoṣo ló ní, èèyàn ò sì lè rí owó inú rẹ̀ kó láìfọ́ ọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí ẹ bá fún ní kólò kò ní gbàgbé ẹni tó fún un.

Òfì: òjò ló ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀

Ti òfì yàtọ̀. Abẹ́ òrùlé ni ahunṣọ ń jókòó sí. Òwú gígùn tó nà síwájú rẹ̀ nìkan ló ń jáde sí gbangba, ẹrù wúwo kan ló sì so mọ́ orí rẹ̀ lọ́hùn-ún kó lè le tantan. Ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ọwọ́ ń ju ọkọ̀ òwú sọ́tùn-ún sósì, bó sì ṣe ń hun ni ẹrù yẹn ń wọ́ nílẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Bí òjò bá ṣú, ẹ ó rí àwọn ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ń sáré ká òwú, tí wọ́n ń fa rọ́bà bò ó. Ká tó wí ká tó fọ̀, gbogbo wọn ti kóra jọ sábẹ́ páànù.

Àsìkò yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ wọlé. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá ń ràn, wọn ò ráyè gbórí sókè, nítorí aṣọ ẹbí tó gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ Jímọ̀. Lọ́jọ́ òjò, ẹ kàn sọ pé "Ẹ kú òjò o, ẹ kú ọ̀gìnnìtìn", wọ́n á fún yín ní àpótí, wọ́n á tú ẹrù kalẹ̀, wọ́n á sì dáhùn ohun tẹ́ ẹ bá bèèrè. Mo ti rí Àlááji kan níbẹ̀ tó jókòó sọ ìtàn àwọ̀ mẹ́ta àtijọ́ fún àlejò mi láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí tó fi dá. Sányán, tó rí bí àwọ̀ iyanrìn, láti ara ìtẹ́ kòkòrò inú igbó ni wọ́n ti ń rí fọ́nrán rẹ̀. Àlàárì pupa, òwú ṣẹ́dà tó ń gba aginjù kọjá láyé ọjọ́un ló gbé e wá. Ẹtù dúdú tó ní ìlà àwọ̀ sánmà tẹ́ẹ́rẹ́, aró ló mu, ara ẹyẹ ẹtù ló sì gba orúkọ rẹ̀. Àlááji ò purọ́ fún wa o: ohun tí wọ́n ń pè ní sányán lọ́jà lónìí, òwú lásán tó gba àwọ̀ sányán ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò bàjẹ́. Kí wọ́n má kàn gba owó ṣẹ́dà lórí rẹ̀ ni.

Àyẹ̀wò méjì ló wà. Èkíní, ẹ wò bóyá hínhun ni tàbí títẹ̀. Pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ni òfì ń jáde, bí íǹṣì 4 ní fífẹ̀, kí wọ́n tó rán wọn pọ̀. Nítorí náà, ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ, ẹ wá ojú rírán. Bí ìlà bá wà lójú aṣọ tí kò sí abẹ́rẹ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹ̀yìn sì funfun ju iwájú lọ, aṣọ ilé iṣẹ́ ni, wọ́n kàn ya òfì sí i lára.

Èkejì ni àwọ̀, orí mi ni mo sì ti kọ́ ọ. Mo ra gèlè àti ìborùn pupa kan fún Àńtí mi tó wá láti Èkó, lọ́wọ́ ẹnì kan tó gbé ọjà rìn bá wa nígbà tí a sá sábẹ́ búkà. Ó dán, ó ń kọ yànràn. A ò tíì dé gáréèjì tí òjò fi wọ inú kẹ̀kẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, ó bá ìdì náà lórí itan wọn. Bùbá léèsì funfun tí Àńtí wọ̀ wá di àdìrẹ. Wọn ò bínú, wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín, èmi ni ìtìjú pa. Látìgbà yẹn, áńkáṣíìfù funfun kì í wọ́n nínú báàgì mi. Ẹ rẹ etí rẹ̀ sínú omi, òjò ṣáà wà, kẹ́ ẹ fi nu ibi tó pupa tàbí tó dúdú jù lára aṣọ. Bí áńkáṣíìfù bá gbé àwọ̀, ẹ kí olówó ọjà pé ó dàbọ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ má fi omi kan ọjà òun mọ ohun tó ń sọ.

Kò di dandan kẹ́ ẹ ra odindi aṣọ. Fìlà òfì kan ò wúwo, ìborùn kan ń wọ inú báàgì ọwọ́. Ẹ fi rọ́bà wé e títí ẹ ó fi dé ọkọ̀, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá délé kẹ́ ẹ tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òfì tó sùn nínú rọ́bà pẹ̀lú ọ̀rinrin á bu, òórùn yẹn kì í lọ bọ̀rọ̀.

Ká gbé wọn ka orí ìwọ̀n kan náà

Ní ti owó, ìkòkò rọrùn ju òfì lọ jìnnà réré. Owó fìlà òfì gidi kan lè ra kólò tó máa kárí ọmọ àdúgbò. Ní ti ẹrù, òfì borí láìjà. Ìkòkò ń fọ́, wọn ò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ dì í mọ́yà nínú bọ́ọ̀sì. Ní ti àkókò, wákàtí kan tó fún Òkèlele bí ẹ bá mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́. Òfì ń gba wákàtí méjì nítorí ìnájà àti ìtàn. Ní ti pé ó jẹ́ ti Ìlọrin, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣe tìkòkò. Òfì dára ní Ìṣẹ́yìn náà, ará Ìṣẹ́yìn ò sì ní gbà fún wa. Ṣùgbọ́n ìkòkò tí ẹ rí ọwọ́ tó mọ ọ́n, tí ẹ sì mọ ojú ilẹ̀ tó jókòó sí, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà lórí rẹ̀.

Ọjà Ọba ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ onímọ́tò á sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, kẹ́ ẹ lọ Ọjà Ọba, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Òótọ́ ni. Iwájú ààfin Ẹ́míà ni, Mọ́sálásí ńlá wà nítòsí, ẹ ó sì rí fìlà, tẹ̀sùbáà, búútà, kúlíkúlí, tùràrí lójú kan náà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ òjò, agbòòrùn ń ro sí ẹni lọ́rùn láti ọ̀tún, ẹrẹ̀ ń fà bàtà mọ́ ẹni lẹ́sẹ̀, àwọn ọjà tó dára sì wà lábẹ́ rọ́bà tí olówó rẹ̀ ò fẹ́ ṣí. Ẹ ó kàn ra ohun tó wà lókè. Ẹni tó ní wákàtí kan péré ni mo máa ń mú lọ síbẹ̀. Tí ẹ bá ń náwó, ẹ rántí pé ẹlòmíràn lè má tíì tà láti àárọ̀. Owó tó bá yẹ lẹ san, ẹ má fi òjò fún un lọ́rùn.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí àlejò máa ń fojú fò: wàláà. Pákó pẹlẹbẹ tí ọmọ kéwú ń kọ ìwé sí ni. Tàdáà ni wọ́n fi ń kọ ọ́, omi ni wọ́n sì fi ń fọ̀ ọ́ tí wọ́n bá ti há a sórí, kí wọ́n tún lè kọ òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni omi kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀, kẹ́ ẹ ṣáà má fi sílẹ̀ tutù mọ́jú kó má baà ká kò. Fún mùsùlùmí tó ní ọmọ tó ń lọ ilé kéwú, mi ò mọ ẹ̀bùn míì tó sọ̀rọ̀ Ìlọrin jù ú lọ. Èyí tí wọn ò tíì kọ nǹkan sí ni kẹ́ ẹ rà. Tọmọléèwé, tọmọléèwé ni.

Ìlẹ̀kẹ̀

Òjò ò lè fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe nǹkan kan, ìyẹn ló ń mú kó wu èèyàn. Láyé àtijọ́, Ìlọrin lókìkí nídìí làǹtànà, òkúta pupa tí wọ́n ń lu níhò tí wọ́n sì ń lọ̀ mọ́ òkúta títí á fi dán. Àwọn àgbà máa ń sọ pé "ìlọ irin" lorúkọ ìlú ti wá, láti ara òkúta ìpọ́nrin tó wà ní Ìdí-Àpè. Ìlú tó ń lọ irin tún wá ń lọ òkúta. Iṣẹ́ yẹn ti kú báyìí. Ohun tó pọ̀ lọ́jà jẹ́ dígí àti rọ́bà tó ti òkè òkun wá. Bí ẹ bá ṣì fẹ́, ẹ gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́: òkúta àti dígí máa ń tutù, ó sì ń tẹ̀wọ̀n lọ́wọ́, rọ́bà fúyẹ́, kíá ló máa móoru. Bí ẹni kan bá sì pe làǹtànà fún yín lówó pọ́ọ́kú, ẹ rẹ́rìn-ín kẹ́ ẹ máa lọ.

Ti ẹnu

Wàrà ni gbogbo ayé ń bèèrè. Àwọn ìyá Fúlàní ló ń sè é, omi ewé bọ̀mùbọ̀mù ló sì ń mú kí mílíìkì dì. Ẹ jẹ ẹ́ níbí. Èyí tó tutù kì í fẹ́ ìrìn àjò, ọ̀gìnnìtìn sì máa ń tan èèyàn jẹ pé kò ní bàjẹ́. Mo tì í sábẹ́ àga bọ́ọ̀sì Èkó rí. Ọ̀yọ́ la dé tí àwọn èrò fi ń wo ara wọn lójú, Ìbàdàn ni mo ti jù ú nù. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ gbé e, kí wọ́n dín in gbẹ, kó tutù kẹ́ ẹ tó dì í, kó sì jẹ́ òun lẹ máa rà kẹ́yìn. Máásà náà, ojú agbada ni kẹ́ ẹ ti jẹ ẹ́. Kúlíkúlí nìkan ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí pé á délé, inú ike tó ní ìdérí ni kó wà o, ọ̀rinrin ń sọ ọ́ di jọ̀bọ̀tọ̀.

Bó bá jẹ́ odindi ọjọ́ lẹ ní

Ẹ gba ìhà gúúsù lọ. Ní Èsìẹ̀, ère òkúta ọṣẹ tó lé ní 1,000 ló wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Abẹ́ òrùlé ni ère wà, òjò ò dí yín lọ́wọ́. Wíwò ni wọ́n, wọn kì í ṣe títà. Bí ẹnikẹ́ni níbikíbi ní Kwara bá yọ ère "àtijọ́" jáde láti inú àpò fún yín, ẹ má tiẹ̀ dá a lóhùn: òfin wà lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1979, ẹrù ẹni ni wọ́n sì máa yẹ̀ wò ní pápákọ̀. Ẹni tó bá gba Ọ̀fà kọjá kó ra ànàmọ́, kò sọ́nà àbáyọ. Àpò ìdajì tó. Amọ̀ lára ànàmọ́ kì í ṣe ìdọ̀tí, ẹ má fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó délé, tó bá ti rí omi ó ń rà.

Ohun tí mo máa ń ṣe bí òjò bá dá lójijì nígbà tí a ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn ahunṣọ nìyí: mo máa ń ní kí kẹ̀kẹ́ yà sí Òkèlele, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ́jú ogún ló kù. Ẹ ó rí àwọn ìyá tí wọ́n ń gbé ìkòkò tútù jáde lọ́kọ̀ọ̀kan síwájú oòrùn, tí wọ́n ń kọ ìdí ìkòkò sí i. Ẹ má bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ta ọ̀kan nínú ìyẹn. Ẹ tọ́ka sí èyí tó wù yín, ẹ san ìdajì owó, kẹ́ ẹ bi wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n máa sun ún, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà yín sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ méjì sí i, wọ́n á pe èmi tàbí ẹlòmíràn láti wá gbé e lọ gáréèjì. Kólò mẹ́ta ló wà nílẹ̀ nínú yàrá mi báyìí tó ń dúró de mọ́tò Àbújá, èyí tó tóbi jù ti ní orúkọ ọmọ lára, ìyá tó mọ ọ́n ló fi ìṣó kọ ọ́ kó tó gbẹ.